Omi Dànù, Agbè Kò Fọ́: Bí Òpè Ṣe Ń Di Ọ̀ta Nínú Géèmù Oníkọ̀

Ògiri kan wà nínú ibùdó àwọn ọmọ ogun inú géèmù XCOM: Enemy Unknown, èyí tí ilé-iṣẹ́ Firaxis ti ilẹ̀ Amẹ́ríkà gbé jáde lọ́dún 2012. Ara ògiri yìí ni orúkọ ọmọ ogun kọ̀ọ̀kan tó bá kú sójú ìjà máa ń wà. Nígbà tí eré bá ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, ògiri náà á ṣófo. Bí eré bá ti dé ìdajì, orúkọ á ti wà lára rẹ̀, kò sì sí ọ̀kan nínú wọn tó lọ síbi tó kú sí láìjẹ́ pé agbágéèmù, ìyẹn ẹni tó ń gbá géèmù náà, ló rán an lọ.

Ọ̀pọ̀ agbágéèmù ni kì í fẹ́ rí orúkọ kankan lára ògiri yìí títí eré yóò fi parí. Ìyẹn kò burú. Ohun tó yẹ ká yẹ̀ wò ni ọ̀nà tí wọ́n ń gbà ṣe é. Bí ọmọ ogun kan bá ti ṣubú, wọn á dá eré náà dúró, wọn á padà sí ibi tí wọ́n fi í pamọ́ sí kẹ́yìn, wọn á sì tún ìjà náà jà bí ẹni pé ikú náà kò wáyé rí. Wọ́n á ṣe bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, títí ohun gbogbo yóò fi rí bí wọ́n ṣe fẹ́. Wọ́n gbà pé àwọn ń ṣẹ́gun ni. Ṣùgbọ́n ohun tó níye lórí jù lọ nínú irú géèmù bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń fi ọwọ́ ara wọn dà nù.

Nínú ọ̀pọ̀ géèmù, akọni kan ṣoṣo ni agbágéèmù ń darí. Òun ló ń sáré, òun ló ń fò, òun ló ń yìnbọn. Bó bá kú, yóò jí padà, eré yóò sì máa lọ. Nínú géèmù oníkọ̀, ọ̀rọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Ikọ̀ ènìyàn mélòó kan ni wọ́n fi sí ìkáwọ́ agbágéèmù. Olúkúlùkù wọn ló ní orúkọ tirẹ̀, iṣẹ́ tó mọ̀ ọ́n ṣe àti ibi tó kù sí, wọ́n sì ń gbọ́n sí i bí ìjà ti ń gorí ìjà. Tẹni kò tíì ṣe tirẹ̀ tán kí ẹnì kejì tó ṣe tirẹ̀, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti ń ta ayò, ni ọ̀pọ̀ nínú wọn kò gbà láyè. Ìdí nìyí tí àyè fi wà fún ìrònú. Nínú irú eré yìí, agbágéèmù kì í ṣe jagunjagun mọ́. Balógun ni.

Ìran géèmù yìí ti pẹ́. Gary Gygax àti Dave Arneson ló fi ìpìlẹ̀ rẹ̀ lélẹ̀ lọ́dún 1974 nígbà tí Dungeons & Dragons jáde, eré orí tábìlì tí àwọn ọ̀rẹ́ máa ń kóra jọ ṣe. Lọ́dún 1981 ni Wizardry dé orí kọ̀ǹpútà. Ikọ̀ ẹni mẹ́fà ló ń wọ inú ihò ilẹ̀ lọ nínú rẹ̀. Bí ọ̀kan bá kú, wọ́n lè gbìyànjú láti jí i dìde ní tẹ́ḿpìlì, ṣùgbọ́n bí ìgbìyànjú náà bá kùnà, òkú náà á di eérú, bó bá sì tún kùnà lẹ́yìn náà, ó ti lọ pátápátá nìyẹn. Lọ́dún 1990, ilé-iṣẹ́ Intelligent Systems ní Japan ṣe Fire Emblem fún Nintendo, nínú èyí tí jagunjagun tó bá kú kò ní padà wá mọ́. Lọ́dún 1994 ni Julian Gollop, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé UFO: Enemy Unknown jáde. Òun ni ìyá XCOM tí gbogbo ènìyàn mọ̀ lónìí. Láti ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀ ni ikú tòótọ́ ti wà nínú àwọn géèmù yìí. Wọn kò ṣẹ̀ṣẹ̀ fi kún un láti fi dẹ́rù ba ẹnikẹ́ni.

Àwọn tó ń ta ayò ọlọ́pọ́n máa ń pe ẹni tó mọ̀ ọ́n ta ní ọ̀ta, wọ́n á sì pe ẹni tí kò mọ̀ ọ́n ní òpè. Nínú géèmù oníkọ̀ náà, òpè wà, ọ̀ta sì wà, ìrìn tó wà láàárín àwọn méjèèjì sì ní ipele mẹ́ta tó hàn gbangba.

Ipele àkọ́kọ́ ni ìfẹ́ akọni kan. Nínú XCOM, ọmọ ogun mẹ́rin ni ikọ̀ fi ń bẹ̀rẹ̀, a sì lè sọ ọ́ di mẹ́fà bí eré ti ń lọ. Oríṣi iṣẹ́ mẹ́rin ló wà: ẹni tó ń yìnbọn láti òkèèrè, ẹni tó ń gbé ohun ìjà ńlá, ẹni tó ń sá wọ àárín ọ̀tá, àti ẹni tó ń tọ́jú àwọn tó fara gbọgbẹ́. Òpè á rí i pé ẹni tó ń yìnbọn láti òkèèrè ló ń pa ọ̀tá jù, á sì máa fi gbogbo àǹfààní kẹ́ ẹ. Ọmọ ogun yẹn nìkan ni yóò máa ga sí i lóyè, tí àwọn yòókù yóò wà níbi tí wọ́n wà. Lọ́jọ́ kan, akọni náà á fara gbọgbẹ́, á sì gba ibùsùn fún ọ̀pọ̀ ọjọ́. Ìjà mìíràn á dé láàárín ìgbà náà. Àwọn tí a kò kọ́ ni yóò lọ, kò sì ní pẹ́ tí wọn yóò fi ṣòfò.

Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, t'àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Ohun tí òwe yìí sọ ni agbágéèmù ń fi ìyà kọ́ ní ipele yìí. Ẹni tó bá fẹ́ rí ìparí eré gbọ́dọ̀ máa mú ọmọ ogun tuntun kan tàbí méjì dání nígbà tí ìjà kò bá le, kó fi wọ́n sábẹ́ àwọn tó ti gbó, kó sì jẹ́ kí wọ́n pa ọ̀tá tó ti rẹ̀. Ó dà bíi pé ó ń fi àkókò ṣòfò, ṣùgbọ́n ọjọ́ iwájú ló ń tọ́jú. Ẹni tó bá ń dá aago padà ní gbogbo ìgbà kò ní kọ́ ẹ̀kọ́ yìí láé, nítorí pé akọni rẹ̀ kò ní dùbúlẹ̀ àìsàn lójú rẹ̀ rí.

Ipele kejì ni ìmọ̀ nípa ohun tí kò dájú. Kí ọmọ ogun XCOM tó yìnbọn, géèmù náà á sọ fún balógun bí ó ti ṣeé ṣe tó kí ọta ìbọn bá ọ̀tá. Bó bá kọ 85 nínú 100, òpè á gbà pé ọ̀tá ti kú nìyẹn. Nígbà tí ìbọn bá tàsé, á pariwo pé wọ́n rẹ́ òun jẹ. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, ìtumọ̀ 85 nínú 100 ni pé nínú ogún ìgbà, ó ṣeé ṣe kí ìbọn tàsé ní ìgbà mẹ́ta. Ọ̀ta kì í bi ara rẹ̀ léèrè pé, "Ṣé yóò bà á?" Ohun tó ń bi ara rẹ̀ ni pé, "Bí kò bá bà á ńkọ́?" Nítorí náà, á ti fi ẹnì kejì sípò kó tó pàṣẹ fún ẹni àkọ́kọ́, á sì ti rí i pé ẹni tó fẹ́ yìnbọn kò dúró sí gbangba. Ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tó bá gbọ́n.

Àwọn tó ṣe XCOM mọ̀ pé ìdánwò láti padà sẹ́yìn yóò wà níbí. Wọ́n ṣètò rẹ̀ pé bí ẹnì kan bá padà sẹ́yìn, tó sì tún yin ìbọn kan náà bó ṣe yìn ín tẹ́lẹ̀, bó ṣe tàsé lẹ́ẹ̀kan náà ni yóò tún tàsé. Ohun kan ṣoṣo tó lè yí àbájáde padà ni kó ronú ọ̀nà mìíràn. Ètò yìí kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni máa ju owó ẹyọ sókè títí yóò fi bọ́ síbi tó fẹ́. Síbẹ̀, wọ́n tún fi àyè kan sílẹ̀ fún ẹni tó bá fẹ́ yí òfin náà padà, wọ́n sì sọ ọ́ lórúkọ tó bu ẹni tó bá yàn án kù díẹ̀, bí ẹni ń ṣàwàdà.

Ipele kẹta ló le jù, òun sì ni ọ̀rọ̀ yìí dá lé. Ìgbìmọ̀ orílẹ̀-èdè 16 ló ń náwó sí ikọ̀ XCOM láti bá àwọn àjèjì tó wá láti ojú òfuurufú jà. Nàìjíríà wà lára wọn, òun pẹ̀lú Íjíbítì àti Gúúsù Áfíríkà láti ilẹ̀ Áfíríkà. Brazil náà wà níbẹ̀. Bí ìpayà bá pọ̀ jù ní orílẹ̀-èdè kan, ó lè kúrò nínú ìgbìmọ̀ ní òpin oṣù, kó sì kó owó rẹ̀ lọ. Bí mẹ́jọ bá ti lọ, eré ti parí nìyẹn. Láti ìgbà dé ìgbà, ìròyìn ìjínigbé á dé láti orílẹ̀-èdè mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan náà, ṣùgbọ́n ọ̀kan ṣoṣo ni ikọ̀ lè gbà là. Ìpayà á dínkù níbi tí wọ́n bá lọ, á sì pọ̀ sí i ní ibi méjì yòókù.

Ọmọ Yorùbá tó ń gbá géèmù yìí ní Ìbàdàn tàbí ní Peckham lè rí Nàìjíríà lára àwọn mẹ́ta tó ń kígbe. Ọkàn rẹ̀ á fẹ́ lọ síbẹ̀. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ pé orílẹ̀-èdè mìíràn ló ti fẹ́ kúrò nínú ìgbìmọ̀, tàbí pé ibòmíràn ni èrè tí ibùdó nílò wà, kí ni yóò ṣe? Kò sí ìdáhùn tí kò ní ẹni tí yóò dùn. Ẹni tó bá dìde lọ sí ilẹ̀ rẹ̀ lè pàdánù gbogbo ayé. Ẹni tó bá fi ilẹ̀ rẹ̀ sílẹ̀ yóò wo àwòrán rẹ̀ bó ti ń pọ́n sí i lórí máàpù. Dídá aago padà kò wúlò níhìn-ín, nítorí kò sí àṣìṣe kankan láti tún ṣe. Yíyàn ni, àdánù sì wà nínú yíyàn kọ̀ọ̀kan. Agbágéèmù tó bá dé ibí ti bẹ̀rẹ̀ sí í mọ ohun tí ó túmọ̀ sí láti wà ní ipò àṣẹ.

Ọ̀rọ̀ ìtùnú kan wà tí Yorùbá máa ń sọ fún òbí tí ìkókó rẹ̀ bá kú: omi ló dànù, agbè kò fọ́. Ẹ kíyè sí ohun tí ọ̀rọ̀ náà kò sọ. Kò sọ pé omi kò dànù. Kò sọ pé kí a padà sí àná kí a má baà dà á nù. Ó gbà pé àdánù wáyé, ó sì fi hàn pé ohun tí a ó fi tún omi pọn ṣì wà lọ́wọ́. Ọgbọ́n yìí ni géèmù oníkọ̀ tó dára fi ń kọ́ni. Ọmọ ogun kú, ikọ̀ kù. Ìlú kan ṣubú, ogun kò tíì parí. Ẹni tó bá ń padà sẹ́yìn ní gbogbo ìgbà ń sọ pé omi kò dànù rí. Nígbà tí eré bá parí, agbè rẹ̀ á kún, ṣùgbọ́n kò ní mọ bí a ti ń pọn omi padà.

Àwọn tó ta ko èrò yìí ní ẹjọ́ tó yẹ kí a gbọ́. Ó pẹ́ tí wọ́n ti ń sọ pé ikú àìpadàbọ̀ ń lé àwọn tuntun sá. Lọ́dún 2010, ọ̀kan lára àwọn Fire Emblem tó jáde ní Japan gba àwọn agbágéèmù láyè fún ìgbà àkọ́kọ́ láti yan ọ̀nà kan tí ẹni tó bá ṣubú nínú ìjà yóò padà wá lẹ́yìn ìjà náà. Fire Emblem Awakening tó jáde lọ́dún 2012 náà tẹ̀lé ọ̀nà yìí, ó sì tà gan-an lásìkò tí ọjà ìran géèmù náà kò lọ dáadáa mọ́. A kò lè sọ pé àwọn tó wọlé láti ẹnu ọ̀nà yẹn kì í ṣe agbágéèmù tòótọ́. Ẹni tó ti ibi iṣẹ́ dé ní alẹ́, tó ní wákàtí kan péré kí oorun tó gbé e lọ, kò ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí yóò fi tún eré bẹ̀rẹ̀. Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n lè tẹ bọ́tìnnì tí kò fẹ́ tẹ̀. Ẹni tó sì ń gbé níbi tí iná mọ̀nàmọ́ná ti lè lọ láàárín ìjà mọ̀ pé kì í ṣe gbogbo ẹni tó padà sẹ́yìn ló ń sá fún ẹ̀bi.

Òótọ́ ni gbogbo èyí, ṣùgbọ́n kò fi hàn pé kí ikú má ní ìtumọ̀. Ohun tó fi hàn ni pé kí a fi ìwọ̀n sí ìdáríjì. Ọgbọ́n yìí náà ni àwọn tó ń ṣe Fire Emblem wá lò nígbẹ̀yìn. Nínú Fire Emblem Echoes ti ọdún 2017 àti Three Houses ti ọdún 2019, balógun lè dá àkókò padà láàárín ìjà, ṣùgbọ́n iye ìgbà tó lè ṣe é níye. Bó bá ti ná an tán, ohun tó bá ṣẹlẹ̀ ti ṣẹlẹ̀. Èyí yàtọ̀ gan-an sí pípadà sẹ́yìn láìlópin. Nísinsìnyí, agbágéèmù gbọ́dọ̀ bi ara rẹ̀ bóyá àṣìṣe tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe yìí tó ohun tí ó yẹ kí òun ná ìdáríjì lé lórí, tàbí kí òun fi pamọ́ de ọ̀la. Ìdáríjì tó ní iye ṣì ń kọ́ ènìyàn lẹ́kọ̀ọ́.

Àpa kejì náà wà tí àwọn tó fẹ́ràn géèmù tó le kì í fẹ́ sọ. Ikú àìpadàbọ̀ nìkan kò tó. Nínú Darkest Dungeon, tí ilé-iṣẹ́ Red Hook ní Canada gbé jáde lọ́dún 2016, ẹni mẹ́rin ló ń lọ sínú òkùnkùn papọ̀. Ẹ̀rù àti ìdààmú ń kó jọ sí ọkàn wọn títí wọ́n fi lè bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe wèrè, owó kékeré sì kọ́ ni ìtọ́jú wọn ń gbà. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, ọ̀fẹ́ ni àwọn ènìyàn tuntun ń bá ọkọ̀ ẹlẹ́ṣin dé. Kò pẹ́ tí àwọn agbágéèmù fi rí i pé ó rọrùn láti rán àwọn tuntun lọ láìfún wọn ní nǹkan, kí wọ́n gba ohun tí wọ́n bá kó bọ̀, kí wọ́n sì lé àwọn tí ọkàn wọn ti dàrú lọ. Kò sí ẹni tó ń dá aago padà níbẹ̀, nítorí géèmù náà kò gbà á láyè. Síbẹ̀, ènìyàn ti di igi ìdáná. Àwọn tó ṣe é mọ ohun tí wọ́n ń ṣe, wọ́n fẹ́ kí balógun rí ìwà ara rẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n ó jẹ́ ká mọ̀ pé àdánù kì í dun ẹni tí kò mọ ohun tó pàdánù.

Ibí ni Mass Effect 2, tí BioWare gbé jáde ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2010, ti yọ. Iṣẹ́ ìkẹyìn inú rẹ̀ lè pa gbogbo ikọ̀ náà, ó sì lè pa olórí wọn, Shepard, fúnra rẹ̀. Gbogbo wọn sì tún lè bọ̀ láàyè. Kì í ṣe ọwọ́ tó yá níbi ìbọn yíyìn ló ń pinnu èyí. Ohun tó ń pinnu rẹ̀ ni bóyá olórí ti jókòó ti olúkúlùkù, tó ti mọ ìṣòro ilé rẹ̀, tó ti bá a yanjú rẹ̀, tó sì mọ iṣẹ́ tí ó tọ́ sí i. Bó bá fi ẹni tí kò mọ iṣẹ́ sídìí iṣẹ́, ẹnì kan á kú. Bó bá kọ etí dídi sí ẹ̀dùn ọkàn ẹnì kan láti ìbẹ̀rẹ̀, ẹni yẹn lè má padà wálé. Níbẹ̀, ìmọ̀ nípa ènìyàn ni ohun ìjà.

Bí a bá kó gbogbo rẹ̀ pọ̀, ohun méjì ni géèmù oníkọ̀ tó yẹ kí a bọ̀wọ̀ fún gbọ́dọ̀ ní: kí a mọ ẹni tí a ń rán lọ, kí àṣẹ tí a pa sì ní àbájáde tí a kò lè fi ìka kan pa rẹ́. Bí àkọ́kọ́ bá wà láìsí èkejì, ìtàn dídùn lásán ni. Bí èkejì bá wà láìsí àkọ́kọ́, òǹkà ni àwọn ènìyàn inú rẹ̀ yóò dà.

Àwọn tó ń ṣe géèmù lè mú àpẹẹrẹ lára Larian, ilé-iṣẹ́ ilẹ̀ Belgium tó ṣe Baldur's Gate 3. Géèmù náà jáde ní oṣù kẹjọ ọdún 2023, ẹnikẹ́ni sì lè padà sẹ́yìn nínú rẹ̀ bó bá ti fẹ́. Ní oṣù kọkànlá ọdún náà ni wọ́n fi ọ̀nà kan tí wọ́n pè ní Honour Mode kún un. Ibi ìpamọ́ kan ṣoṣo ló wà nínú rẹ̀, bí gbogbo ikọ̀ bá sì kú, ọlá náà ti bọ́ nìyẹn. Wọn kò lé ẹnikẹ́ni kúrò nílé. Wọ́n kàn ṣí yàrá kan sílẹ̀ fún ẹni tó bá ti ṣetán.

Kò sẹ́ni tó máa sọ pé gbígbá géèmù ló ń sọ ènìyàn di gómìnà rere tàbí ọ̀gá tó mọṣẹ́. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ tí àwọn aṣáájú ti máa ń di ẹ̀bi ru ẹni tó wà níbẹ̀ ṣáájú wọn kò lè fojú kéré eré tó ń mú ọ̀dọ́ sọ pé, "Èmi ni mo rán an lọ." Nítorí náà, kí òpè gbá eré rẹ̀ àkọ́kọ́ pẹ̀lú ìrọ̀rùn, kó padà sẹ́yìn bó bá ti wù ú, kó fi mọ ojú ọ̀nà. Nígbà tó bá fẹ́ gbá ìkejì, kó sọ àwọn ọmọ ogun náà lórúkọ àwọn tó fẹ́ràn, kó yan ọ̀nà tí kò ní àpadàsẹ́yìn, kó sì gbá a dé òpin, ìbáà jẹ́ ìṣẹ́gun, ìbáà jẹ́ ìṣubú. Bí ẹnì kan bá kú, kó jókòó díẹ̀, kó wá ibi tí àṣẹ rẹ̀ ti kù díẹ̀ káàtó. Lẹ́yìn náà, kó dìde, kó sì kọ́ ẹlòmíràn.